Owó Ìdánrawò Ni Owó Orin

Bí a bá pe ẹgbẹ́ akọrin síbi ayẹyẹ, ìgbà tí wọ́n bá dìde láti kọrin la máa ń rò pé iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀. A ó gbọ́ wọn fún ìdajì wákàtí, a ó lẹ owó mọ́ iwájú orí ẹni tó ń lé, a ó bu oúnjẹ fún àwọn tó ń gbè, wọn ó sì máa lọ. Lójú tiwa, a ti sanwó iṣẹ́. Èrò tèmi ni pé a kò tíì san án. Iṣẹ́ elégbè ni gbogbo alẹ́ tó ti fi jókòó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé, alẹ́ tí wọ́n ń tún gbólóhùn kan ṣe títí tí yóò fi jókòó, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Níbikíbi láyé tí orin àkọ́pọ̀ ti di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, ilé kan wà níbẹ̀ tó gbà láti máa bọ́ olórin ní àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn: ààfin, ilé òrìṣà, ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ilé iṣẹ́ rédíò. Níbi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí, ohùn lè dùn fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ á tú ká. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Adakplamè ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó kàn gbogbo òkè Kétu, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà rí, tó sì ń wó lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó ń lé ni olórin, pé àwọn tó ń gbè kàn ń tì í lẹ́yìn ni. Ẹ wo òru Ẹ̀fẹ̀, òru orin tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bó ṣe rí. Òkùnkùn ti kùn, gbàgede ìlú kún, àwọn kan dúró jìnnà lẹ́yìn, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá. Ẹ̀fẹ̀ jáde nínú ẹ̀kú rẹ̀, ó júbà àwọn ìyá, ó júbà àwọn tó ti lọ, ó wá sọ orin sílẹ̀. Ẹnu ẹnì kan ni, abẹ́ aṣọ ló sì ti ń jáde. Àwọn tó wà nítòsí nìkan ló lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Elégbè ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Kì í sì í ṣe ègbè ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta tí ọmọdé lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Orin Ẹ̀fẹ̀ a máa gùn. Orúkọ wà nínú rẹ̀, ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀, ìtàn wà nínú rẹ̀, elégbè sì gbọ́dọ̀ gbé e padà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ sílẹ̀, kí ogún ẹnu dún bí ẹnu kan ṣoṣo. Èdè wa kò gba ìmẹ́lẹ́ níbẹ̀. Bí ìdajì wọn bá gbé ohùn sókè níbi tí ìdajì tó kù ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, orin lè ṣì dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti dàrú, ẹni tí wọ́n fẹ́ bá wí yóò sì rẹ́rìn-ín lọ sílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èémí. Elégbè tó mọṣẹ́ kì í mí níbi tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń mí. Á dín ohùn kù láàrin ọ̀rọ̀ tó gùn, á yára fa èémí, á sì wọlé padà ní jẹ́jẹ́, olùgbọ́ kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dákẹ́ rárá. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣe èyí pẹ̀lú ẹni tí kò tíì mọ bó ṣe ń mí. Nítorí náà ni ohùn tó dáa jù lọ nínú ẹgbẹ́ fi lè jẹ́ ohùn tó ń ba ẹgbẹ́ jẹ́, bí ẹni tó ni ín kò bá kọ́ láti kọrin ní ìwọ̀n tí yóò fi máa gbọ́ ẹni ọ̀tún àti ẹni òsì. Oṣù mélòó kan ni ẹ̀kọ́ yìí ń gbà kó tó wọ ara, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ fún ọdún kan, á lọ.

Báwo wá ni àwọn baba àti ìyá wa ṣe rí oṣù wọ̀nyẹn? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe eré ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ ni. Ìyálàṣẹ̀ ni olórí rẹ̀, ó ní àwọn àgbà, onílù, agbẹ́gilére, oníjó àti akọrin. Láàrin oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ṣe ọdún rẹ̀, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀ tí àgbẹ̀ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Ẹ ro ohun tó ṣáájú àsìkò yẹn: ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ oko ti dẹwọ́, àgbàdo wà nínú àká, iṣu wà lórí ìtí, ọwọ́ ti dilẹ̀ ní alẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn gan-an ló ń san owó ìdánrawò. Àwọn baba wa kò ní láti wá owó oṣù fún elégbè, nítorí ètò ọdún fúnra rẹ̀ ti fún un ní oúnjẹ àti àyè. Lónìí, ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí Kútọ̀nu àti Èkó láti wáṣẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gun zémìjàn, alùpùpù akérò, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá padà wálé fún ọdún, ọjọ́ mélòó kan ló kù. Mi ò dá wọn lẹ́bi, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà bá ní àwọn ọmọ ìwòyí kò fẹ́ràn orin mọ́, mo máa ń rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ ló tọ́ka sí. Ìfẹ́ ṣì wà. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń san owó ìdánrawò ni kò sí mọ́.

Ohun tí a óò pàdánù kò kéré. Ogun Dàhọ̀mì kó Kétu ní 1886, ìlú náà sì wà ní ahoro títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Dàhọ̀mì. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà tó pín ilẹ̀ Kétu sí méjì, Kétu ní apá kan, Ìmẹ̀kọ ní apá kejì. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n onítàn Anthony Asiwaju ń wá bí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí irú nǹkan báwọ̀nyí sí, orin Ẹ̀fẹ̀ wà lára ohun tó lò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì tẹ iṣẹ́ lórí rẹ̀ jáde ní 1975. Ta ló tọ́jú orin wọ̀nyẹn? Ẹni tó kọ́kọ́ lé wọn ti kú. Àwọn tó gbè é ni wọ́n gbé e délé, tí wọ́n kọ ọ́ nídìí iṣẹ́, tí ọmọ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Olóhùn kan lè dá orin, àmọ́ ẹgbẹ́ ló ń rántí rẹ̀. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àṣepé ẹnu àti àṣà àtayébáyé, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, tí wọ́n sì fi í sínú ìwé àwọn àjogúnbá ènìyàn ní 2008, ère ni ọ̀pọ̀ àwòrán tó jáde gbé hàn. Ó yé mi ìdí rẹ̀, nítorí ojú ló ń ra àwòrán. Àmọ́ wọ́n lè gbé ère sí ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris fún ọgọ́rùn-ún ọdún kó má bàjẹ́. Ẹgbẹ́ elégbè kò ní àpótí tí a lè tì í mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ tálákà Áfíríkà lásán nìyí, ẹ jẹ́ ká dé Jámánì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1730, Johann Sebastian Bach, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá lónìí, kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú Leipzig nípa orin ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà. Kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn tàbí ìmísí. Iye ló ń kà. Ó ní ẹgbẹ́ akọrin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní olórin 12 ó kéré tán, pé 16 ni ì bá dára jù, kí orin má baà dúró bí ẹnì kan bá ṣàìsàn. Ó wá pín àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: 17 ló ṣeé lò, 20 kò tíì tó, 17 kò wúlò rárá. Ohun tó kàn mí jù nínú ìwé náà ni ìdí tó fi lé e. Ó ní owó kékeré tí wọ́n máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ran orin lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbà á kúrò, ìfẹ́ wọn sì ti bá owó náà lọ, nítorí ta ni yóò ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Ó tún ní kí wọ́n wo Dresden, níbi tí ọba ti ń san owó oṣù fún àwọn olórin, tí ìdààmú àtijẹ kò sì jẹ́ kí wọ́n pín ọkàn. Ọ̀gá tó mọ orin jù lọ ní ìran rẹ̀ nìyí, kò sì lè fi ọgbọ́n orí dí ihò tí owó ìdánrawò fi sílẹ̀.

Wọ́n á dá mi lóhùn pé Èkó wà, níbi tí àwọn akọrin tí kò gba kọ́bọ̀ ti kọ orin tó ga jù. Òótọ́ ni. Thomas Ekundayo Phillips ló jókòó sídìí dùùrù Kàtídírà Christ Church láti 1914 títí di 1962, ó fi ẹgbẹ́ akọrin ibẹ̀ ṣe ilé ẹ̀kọ́, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá, nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì lọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́rùn. Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande, tó wá di akọ̀wé orin olókìkí, ti kọrin ní kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìjọ yẹn pèsè: ilé tó ní òrùlé, dùùrù, ìwé orin, olùkọ́ kan náà fún ọdún 48, ọjọ́ ìdánrawò tí kò yẹ̀, àti ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tí yóò dé bí a ti múra tàbí a kò múra. Púpọ̀ nínú àwọn olórin náà ní iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń dá wọn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìjọ san owó olùkọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì san owó ìrọ̀lẹ́. Ọ̀fẹ́ kọ́ nìyẹn. Àwọn méjì ló pín owó náà san. Ní òkè Kétu, àwọn ìjọ wa, Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì àti Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, ń pèsè aṣọ àti ilé fún akọrin, wọ́n sì fún wọn ní ìdí láti pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Ohun tí mo rí tó kù ni olùkọ́ tí wọ́n ń san owó fún. Wọ́n á ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn olówó ńlá, wọ́n á sì fi ìdánrawò lé ẹni tí àyè bá gbà lọ́wọ́.

Ilé tó ń bọ́ olórin pàápàá lè fẹ́ tì í síta. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ilé iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù kéde pé òun yóò tú BBC Singers ká, ẹgbẹ́ olórin 20 tó ń gba owó oṣù, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1924, tí ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ ti sún mọ́lé. Ariwo ta, àwọn tó ń kọ orin àti àwọn tó ń gbọ́ ọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, nígbà tí oṣù náà yóò sì fi parí, ilé iṣẹ́ náà dá ètò yẹn dúró. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ yìí rí ẹni jà fún un nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ó lè gba orin tuntun lówùúrọ̀ kó sì kọ ọ́ dáadáa láìpẹ́ ọjọ́, nítorí àwọn 20 náà ti mọ èémí ara wọn. Àwọn tó kọ orin mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ náà bá tú, kò sí bí wọ́n ṣe lè fi owó ọjọ́ kan kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ padà.

Ẹlòmíràn á ní kí a ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á dárúkọ Fisk Jubilee Singers, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti wà lóko ẹrú rí, tí wọ́n jáde láti Nashville ní Amẹ́ríkà ní 1871 láti fi orin wá owó fún ilé ẹ̀kọ́ wọn tí gbèsè fẹ́ pa. Wọ́n kọrin dé iwájú Ọbabìnrin Victoria, owó tí wọ́n kó wálé sì kọ́ ilé ńlá Jubilee Hall, tó parí ní 1876. Iṣẹ́ ìyanu ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni owó náà bọ́, olórin kọ́. Ìrìn-àjò àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó mú àìsàn bá ọ̀pọ̀ wọn, ohùn àwọn kan bàjẹ́, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ náà sì tú ká ní 1878. Ọdún méje péré. Tíkẹ́ẹ̀tì lè kọ́lé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èrò bá wá nìkan ló ń san owó, àgàgà fún ènìyàn ogún tí wọn yóò pín iye tí olórin kan àti gìtá rẹ̀ ì bá dá gbà.

Àtakò tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti àwọn tó ní ohun mímọ́ ni, owó yóò bà á jẹ́. Apá kan nínú rẹ̀ rọrùn láti dáhùn. Agbẹ́gilére ń gba owó ère, babaláwo ń gba ẹrù, pásítọ̀ ń gba owó oṣù, ẹni tó ń ṣe nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ náà ló ti ń jẹ. Kò sí ìdí tí yóò fi jẹ́ ohùn elégbè nìkan ni ohun mímọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n apá kejì kò rọrùn, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Agbára Ẹ̀fẹ̀ wà nínú òmìnira. Ní òru yẹn, ó lè bá olóyè wí, ó lè sọ̀rọ̀ olówó tó fìyà jẹ aláìní, ó lè pe ìjọba lẹ́jọ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú un. Bí olóyè tàbí olóṣèlú bá wá ń fún ẹgbẹ́ lówó oṣù, orin wo ni wọn yóò kọ nípa rẹ̀? A ti ń rí i pé nígbà ìdìbò, ẹni tó bá ra aṣọ ẹgbẹ́ ni orin ń kí. Ìdáhùn tèmi ni pé àìsanwó kò gba òmìnira náà là. Ẹni tí ebi ń pa ni owó ọjọ́ kan máa ń tètè rà. Ohun tó ń gbà á là ni pé kí owó ti ọwọ́ púpọ̀ wá, kí ó sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Oko ẹgbẹ́ dára fún èyí. Ilẹ̀ ṣì wà ní Adakplamè, ọwẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, bẹ́ẹ̀ ni àjọ àti èésú. Àgbàdo àti pákí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá jọ gbìn kò ní olóṣèlú tó lè fi halẹ̀ mọ́ wọn.

Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ àti fóònù ti gba iṣẹ́ náà, mi ò ní bá wọn jìnnà. Fóònù ń tọ́jú orin tí wọ́n ti kọ. Kò lè gbe orin tí Ẹ̀fẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, tí a kì í sábà dárúkọ nígbà tí a bá ń ṣírò iṣẹ́ yìí. Ọmọkùnrin tó ń kọrin òkè yóò pàdánù ohùn yẹn nígbà tó bá ń bàlágà, ó sì máa ń gba àkókò díẹ̀ kí tuntun tó jókòó. Láti bí ọdún 25 sí 50 ni ohùn máa ń dúró ṣinṣin jù. Lẹ́yìn náà, èémí á kúrú, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ọ̀rọ̀ gígùn. Orógbó àti atare kò dá èyí padà, ohunkóhun tí ènìyàn ìbáà sọ. Omi, oorun àti ìdákẹ́jẹ́ ló ń ran ọ̀fun lọ́wọ́, atare tó pọ̀ jù sì máa ń ta á. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún gbe orin, ó ti di arúgbó nínú iṣẹ́ tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Síbẹ̀ àsìkò yẹn gan-an ló wúlò jù. Kò lè gbé ohùn òkè mọ́, ṣùgbọ́n òun ló mọ ẹsẹ orin tí àwọn ọ̀dọ́ ti fò, òun ló mọ ibi tí wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ tuntun dípò ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ní àgbègbè tiwa, níbi tí Yorùbá, Fọ̀n àti Màhí ti jọ ń ná ọjà kan náà, tí Faransé sì gba ilé ìwé, ọmọ lè gbọ́ orin kó má mọ ohun tó ń wí. Ẹni tó lè jókòó tì í kó sì ṣàlàyé rẹ̀ ni àgbà elégbè yìí. Bí owó ẹgbẹ́ kò bá tíì tó gbogbo ènìyàn, òun ni ká kọ́kọ́ san án fún, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò tilẹ̀ le. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní elégbè 16, iye tí Bach bẹ̀bẹ̀ fún. Alẹ́ kan lọ́sẹ̀, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, á tó bí alẹ́ 20. Oúnjẹ alẹ́ fún ènìyàn 16, owó ọkọ̀ fún àwọn tó ń ti abúlé wá, owó olùkọ́, àti nǹkan díẹ̀ fún ẹni tó fi zémìjàn rẹ̀ sílẹ̀ wá. Gbogbo rẹ̀ lè kéré sí owó tí ẹbí kan ń ná lórí ìsìnkú àgbà kan. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ ni màá fẹ́ kí àpótí náà wà, lábẹ́ Ìyálàṣẹ̀ níbi tó bá wà, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń wà nílé jálẹ̀ ọdún, tí wọ́n sì mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ń ṣe Vodun Days ní Wídà, àjọ̀dún ńlá tí èrò ń wọ́ wá sí láti òkèèrè, àwọn ìlú mìíràn náà sì ń pe eégún àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá síbi ayẹyẹ tiwọn. Inú mi dùn sí i. Bí ìpè bẹ́ẹ̀ bá dé Adakplamè, ohun tí mo fẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ́kọ́ béèrè ni iye alẹ́ ìdánrawò tí ẹni tó pè wọ́n yóò san, kó tó béèrè irú ọkọ̀ tí yóò wá gbé wọn.